Ọ́fíìsì Ìrìn-àjò Kan ní Ìbàdàn: Wọ́n Mọ Ọ̀nà Pápákọ̀ Òfurufú, Wọn Kò Mọ Ọ̀nà Igbó

Nígbà tí ọmọ wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé òun fẹ́ fi ìrìn-àjò safari, ìyẹn lílọ wo ẹranko nínú igbó, dá èmi àti ìyá rẹ̀ lọ́lá, nítorí pé àwa méjèèjì fẹ̀yìn tì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní ọdún kan náà, ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé ṣé kò ní sàn kí ó fi owó náà tún òrùlé wa tó ń jò ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì san owó náà fún ọ́fíìsì ìrìn-àjò kan ní agbègbè Bódìjà. Àwa márùn-ún la lọ: èmi, ìyàwó mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Bùọ̀dá, ọ̀rẹ́ ìyàwó mi kan láti ṣọ́ọ̀ṣì, àti ọmọ wa fúnra rẹ̀, tó wá bá wa ní Johannesburg. Oṣù Keje ni a lọ, a sì lo ọjọ́ mọ́kànlá láàárín ọgbà ẹranko Kruger ní Gúúsù Áfíríkà àti igbó Okavango àti ti Chobe ní Bòtìswánà. N kò ní dárúkọ ọ́fíìsì náà, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ ṣe dáadáa sí wa ní ọ̀nà púpọ̀, àti nítorí pé mo ti bá àwọn ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ tí irú ohun tó ṣe wá ṣe àwọn náà lọ́dọ̀ ọ́fíìsì mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé, nítorí pé ibẹ̀ ni agbára wọn wà. Oṣù mẹ́ta kí a tó gbéra ni wọ́n ti pè wá jókòó, tí wọ́n ṣí páásípọ́ọ̀tù wa wò ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ka iye ojú ewé tó ṣófo, tí wọ́n sì dá ti ọ̀rẹ́ ìyàwó mi padà pé kí ó lọ gba tuntun. Lórí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ́ wa. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá ti Nàìjíríà lọ sí Gúúsù Áfíríkà tàbí Bòtìswánà gbọ́dọ̀ mú un dání, àti pé abẹ́rẹ́ náà kì í dá ẹ̀tọ́ kankan sílẹ̀ fún ènìyàn títí ọjọ́ mẹ́wàá yóò fi pé lẹ́yìn tí ó gbà á, nítorí náà ẹni tó bá lọ gbà á ní ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò ti pẹ́ jù. Bùọ̀dá ní káàdì àtijọ́ kan tí wọ́n kọ ọdún mẹ́wàá sí lára, tí ọdún mẹ́wàá náà sì ti kọjá. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ṣàlàyé fún un pé láti oṣù Keje ọdún 2016 ni àjọ ìlera àgbáyé ti sọ abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan di ti gbogbo ayé ẹni, ṣùgbọ́n kí ó lọ gba káàdì tuntun tí ẹ̀rọ ń kà, èyí tí ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2019, kí ẹ̀ṣọ́ kan má baà bá a jiyàn ní ẹnubodè. Ìmọ̀ràn gidi nìyẹn, a sì jẹ àǹfààní rẹ̀.

Àmọ́, nínú ìwé yìí kan náà ni àbùkù àkọ́kọ́ ti yọjú. Físà tí wọ́n fẹ́ bá wa béèrè fún sí Gúúsù Áfíríkà jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyàwó mi, tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, fi ìka tọ ipa ọ̀nà wa lórí ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún wa: láti Èkó dé Johannesburg, láti ibẹ̀ lọ sí Kruger, láti Kruger bọ́ sí Bòtìswánà, láti Bòtìswánà padà sí Johannesburg kí a tó wọ bàálù wálé. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ìwọlé mélòó nìyí?” Gbogbo wọn dákẹ́. Ìwọlé méjì ni. Bí kò bá jẹ́ tirẹ̀ ni, wàhálà tí ì bá bá wa ní ìparí ìrìn-àjò kò ní kékeré. Wọ́n tọrọ àforíjì lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì tún fọ́ọ̀mù náà kọ láìgba owó kún owó.

Ohun tó hàn sí mi láti ibẹ̀ lọ ni pé àwọn ènìyàn yìí ti mú ènìyàn lọ sí Dubai, wọ́n ti mú ènìyàn lọ sí Jerúsálẹ́mù àti Mẹ́kà, wọ́n sì rò pé safari jẹ́ ọ̀kan lára wọn, pé bí arìnrìn-àjò bá ti ní físà, tíkẹ́ẹ̀tì àti òtẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ ti parí. Ní ti safari, ibi tí ọ̀rọ̀ ìwé parí sí gan-an ni ìmúrasílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ àpótí. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn, ọ́fíìsì náà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní àpótí ìrìn-àjò kan, èyí tó le koránkorán, tó ní táyà mẹ́rin lábẹ́, tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ wọn sí lára gàdàgbà. Inú wa dùn. Nígbà tí a dé Maun, ìlú tí àwọn bàálù kékeré ti ń gbéra lọ sínú Okavango, awakọ̀ òfurufú wo àwọn àpótí wa, ó sì mi orí. Bàálù tí kò gbà ju ènìyàn díẹ̀ lọ, tí ibi ìkẹ́rù rẹ̀ há bí inú àpò, báagi rírọ̀ tó ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀ nìkan ló lè gbà, báagi náà kò sì gbọdọ̀ ní irin tàbí táyà. Gbogbo ẹrù ẹnì kọ̀ọ̀kan, tòun ti kámẹ́rà àti ohun tó gbé lọ́wọ́, kò sì gbọdọ̀ ju kílò 20 lọ. Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ìwé tí ibùdó tó wà nínú igbó fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wa ní Ìbàdàn, ọmọ wa rí i lẹ́yìn náà; kò sí ẹni tó kà á. Orí ilẹ̀ pápákọ̀ ni a ti tú ẹrù wa palẹ̀ lójú ayé, tí Bùọ̀dá ń yan agbádá rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ṣòkòtò, tí a sì fi àpótí mẹ́rin sílẹ̀ fún ìpamọ́. Ẹni kan ṣoṣo tí kò yọ ohunkóhun ni ọ̀rẹ́ ìyàwó mi, tó kọ àpótí wọn láti ilé, tó gbé báagi Ghana-Must-Go alárànbàrà rẹ̀ wá. Gbogbo wa ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti Ìbàdàn. Ní Maun, awakọ̀ náà gbé e, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní irú rẹ̀ gan-an ni òun ń fẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ lo ọgbọ́n yìí, kí ó rán síìpù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé síìpù rẹ̀ kì í tọ́.

Òtútù ni èkejì, òun ló sì dùn mí jù. Nínú àkọsílẹ̀ tí ọ́fíìsì náà fún wa, wọ́n kọ ọ́ pé kí a mú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nítorí pé “Áfíríkà náà ni.” Oṣù Keje tí òjò ń pa wá ní Ìbàdàn, àárín ìgbà òtútù ni ní gúúsù. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹsàn-án, ni àwọn tó mọ̀ ń lọ wo ẹranko, nítorí pé koríko ti gbẹ, igbó ti fọ́nká, ẹranko sì ń kó jọ sí etí omi. Ṣùgbọ́n ìgbà yìí náà ni òwúrọ̀ máa ń tutù tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀n ìgbóná fi ń bọ́ sí abẹ́ 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọkọ̀ tí wọ́n sì fi ń gbé ènìyàn kiri kò ní gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí ilẹ̀kùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń jáde. Ọyẹ́ tiwa ń kọ́? Ọyẹ́ ń gbẹ ètè ni. Èyí ń wọ inú egungun.

Ẹni tó gbà wá lọ́wọ́ òtútù yìí kò sí nínú ọ́fíìsì kankan. Ìyá kan tó ń ta òkìrìkà ní ọjà Alẹ́ṣinlóyè ni. Ìyàwó mi lọ wá ṣòkòtò tí kò wúwo lọ́dọ̀ rẹ̀, ìyá náà sì béèrè ibi tí a ń lọ. Nígbà tí ó gbọ́, ó ní, “Ṣé inú mọ́tò tí atẹ́gùn ń fẹ́ wọ̀ ni ẹ ó jókòó sí láàárọ̀? Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ṣe gbọ́ ti ẹni tó ní kí ẹ mú aṣọ fẹ́lẹ́.” Ọmọ rẹ̀ kan ń gbé ní Pretoria, ó ti lọ kí i nínú oṣù Kẹfà rí. Ó yan kóòtù mẹ́ta fún wa, súwẹ́tà, ìbọ̀wọ́ àti fìlà tó bo etí, ó sì ní kí a máa wọ̀ wọ́n lé ara wọn kí a lè máa bọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí oòrùn bá ń gòkè, nítorí pé tó bá di ọ̀sán, aṣọ kan ṣoṣo ti tó. Bí mo bá ń fún ẹnikẹ́ni ní máàkì lórí ìrìn-àjò yìí, ìyá náà ló gba ipò kìíní, owó tí ó gbà lọ́wọ́ wa kò sì tó owó oúnjẹ ọ̀sán kan ní pápákọ̀ òfurufú.

Ní ti àwọ̀ aṣọ, wọ́n kọ sínú àkọsílẹ̀ pé kí a mú “aṣọ aláwọ̀ igbó.” Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ ewé gbígbẹ àti káákì, tí kì í tètè fi eruku hàn, tí kì í sì í ta ẹranko lójú. Bùọ̀dá gbọ́ aṣọ aláwọ̀ igbó, ó sì lọ ra fìlà àti ṣòkòtò alámì bíi ti sójà. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ wa, tí ó rí wọn lórí fóònù nígbà tí a ń fi ẹrù wa hàn án: ní Bòtìswánà, Zambia àti Zimbabwe, òfin kò gbà kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ogun wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ọ́fíìsì náà tún fún wa ní ṣẹ́ẹ̀tì funfun báláú, kí a lè wọ̀ ọ́ bí aṣọ ẹbí kí a sì ya fọ́tò fún wọn. A wọ̀ ọ́ ní Kruger lọ́jọ́ kan. Kí ó tó di agogo mẹ́sàn-án, ó ti di àwọ̀ ilé alámọ̀.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún àwa tí a fẹ́ràn àdìrẹ. Aró dúdú àti búlúù ni eṣinṣin tsetse, èyí tó máa ń bu ènìyàn àti ẹran jẹ, fẹ́ràn jù lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ búlúù àti dúdú ni wọ́n fi ń ṣe pàkúté tí wọ́n fi ń mú un. Wọ́n ti pa á run ní ibi tí a lọ ní Bòtìswánà, nítorí náà kò ṣe wá ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lọ sí àfonífojì odò Zambezi ní Zambia tàbí Zimbabwe, kí ó fi àdìrẹ aláró rẹ̀ sílẹ̀ sí ilé, bó ti wù kí ó lẹ́wà tó.

Púlọ́ọ̀gì tí wọ́n fún wa kò wọ ihò iná Gúúsù Áfíríkà, èyí tó jẹ́ ihò róbótó ńlá mẹ́ta, irú èyí tí àwọn oníná wa ń pè ní 15 amps tí a máa ń lò fún ẹ̀rọ amúlétutù. Kílíṣí tí ọ̀rẹ́ ìyàwó mi rà ní Sábó, ní ẹnubodè Bòtìswánà ni wọ́n ti gbà á, nítorí pé wọ́n ń ṣọ́ ẹran tó ń wọ ìlú wọn lójú méjèèjì nítorí àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu màlúù. Ìwé adójútòfò tí wọ́n ṣe fún wa tó fún físà, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun nípa fífi bàálù gbé aláìsàn jáde kúrò nínú igbó, ibùdó sì ní kí a lọ ra òmíràn.

Ọ̀rọ̀ ibà yẹ kí n dúró lé díẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní ọ́fíìsì náà sọ fún mi pé, “Dádì, ẹ fọkàn balẹ̀, ta ni ibà tún jẹ́ àjèjì sí láàárín wa?” Dókítà wa kò rí i bẹ́ẹ̀. Ó ní àwa tí a ń gbé ní Ìbàdàn ní agbára díẹ̀ lára lóòótọ́, oṣù Keje sì jẹ́ ìgbà tí ẹ̀fọn kò pọ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ kí a máa sùn sínú àwọ̀n, kí a sì máa wọ aṣọ alápá gígùn ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó tìtorí rẹ̀ gbé kálámù ni ọmọ wa. Ó ní ọmọ tó ti lo ọdún méjìlá ní Lọ́ńdọ̀nù ti pàdánù agbára tí ó ní nígbà tí ó wà ní kékeré, ibà sì lè wó o mọ́lẹ̀ bí ó ti ń wó òyìnbó, nítorí náà òun gbọ́dọ̀ lo oògùn tí a fi ń dènà ibà kí ó tó lọ, nígbà tí ó bá wà níbẹ̀, àti lẹ́yìn tí ó bá padà. Ọ́fíìsì tó mọ̀ pé àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ló ń san púpọ̀ nínú owó ìrìn-àjò yìí, tí wọ́n sì máa ń bá àwọn òbí wọn lọ, yẹ kí ó ti mọ ìyàtọ̀ yìí.

Ohun kan wà tí wọ́n ṣe tí mo fi rẹ́rìn-ín nígbà náà, tí mo sì ń dúpẹ́ rẹ̀ báyìí. Wọ́n mú wa lọ sí ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn ní ọ̀sán Sátidé kan, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948 fún iṣẹ́ ìkọ́ni, tó sì di ọgbà ẹranko tó pé pérépéré ní ọdún 1974. Mo ní ṣé ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wá ni? Ṣùgbọ́n wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní awò tí a fi ń wo ohun tó jìnnà, wọ́n kọ́ wa bí a ti ń yí i kí ojú méjèèjì lè mọ́lẹ̀ bákan náà, àti bí ẹni tó ń lo jígí yóò ti ṣe tirẹ̀. Wákàtí kan gbáko ni Bùọ̀dá fi wá ẹyẹ kan ṣoṣo lórí igi. Nígbà tí a dé Kruger, tí afinimọ̀nà nawọ́ sí ìsàlẹ̀ igi kan lókèèrè, àwa ará Ìbàdàn ti rí etí kìnnìún kí àwọn àlejò yòókù tó wà nínú ọkọ̀ tó rí igi.

Ibi tí wọ́n ti ṣì wá lọ́nà jù ni ìlérí. Wọ́n ní a ó rí ẹranko ńlá márùn-ún náà kí ọjọ́ kìíní tó parí: kìnnìún, àmọ̀tẹ́kùn, erin, ẹfọ̀n àti àgbáǹréré. Àwọn ọdẹ ayé àtijọ́ ló kó márùn-ún yìí jọ, nítorí pé àwọn ló léwu jù láti fi ẹsẹ̀ dọdẹ, kì í ṣe nítorí pé àwọn ló tóbi jù. Bí ó bá jẹ́ títóbi ni, erinmi àti àgùnfọn ì bá wà níbẹ̀. Ọdẹ tiwa náà mọ̀ pé ẹfọ̀n tí a ṣe léṣe kì í ṣe ẹran tí à ń tọ̀ lẹ́yìn. Kruger fẹ̀ ju ìdá méjì nínú mẹ́ta Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ díẹ̀, ọkọ̀ kò sì gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 50 láàárín wákàtí kan lọ lójú títì rẹ̀. Ta ni yóò wá ṣèlérí àmọ̀tẹ́kùn fún ènìyàn nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ méjì ni a fi wo ímpálà, ẹran kan tó dà bí ẹtu, àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, tí ọ̀rẹ́ ìyàwó mi ń kùn pé wọ́n ti gbówó wa jẹ. Kò sí ẹni tó sọ fún wa ní Ìbàdàn pé ìdúró ni iṣẹ́ náà, pé ọkọ̀ yóò dúró fún ogójì ìṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, pé a kò gbọdọ̀ dìde dúró nínú ọkọ̀ nítorí pé ọkọ̀ àti àwa tí a wà nínú rẹ̀ jẹ́ ohun kan ṣoṣo lójú ẹranko, àti pé a kò gbọdọ̀ gbé ohùn sókè. Ìyàwó mi kígbe “Jésù!” nígbà tí ó rí erin àkọ́kọ́, erin náà sì na etí sí wa fún ìgbà pípẹ́. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Èyí kò kọjá o, ó dúró, ó ń wò wá ni.

Wọ́n tún ní kí a má ronú nípa ọkọ̀ ojú omi ní Okavango, nítorí pé ẹ̀ẹ̀rùn ni. Bùọ̀dá, tó bẹ̀rù omi, fi ọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n òjò tó rọ̀ ní òkè Àǹgólà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni odò náà ń gbé bọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù púpọ̀, tó fi jẹ́ pé láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ yí i ká ti gbẹ, ni omi Okavango máa ń kún jù lọ, tí ó sì ń tàn ká inú iyanrìn láìdé òkun. Ní ọdún 2014, òun ni ó di ibi ẹgbẹ̀rún kan tí UNESCO kọ sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Inú ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní mokoro ni a jókòó sí, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń fi ọ̀pá tì í láàárín òṣíbàtà, tí Bùọ̀dá di etí ọkọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lórí ilẹ̀ ni ó ti wá jẹ́wọ́ pé ibẹ̀ ni òun gbádùn jù.

Àmọ̀tẹ́kùn, a rí i ní alẹ́ tó gbẹ̀yìn ní Kruger, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Àgbáǹréré, a kò rí i rárá.

Nígbà tí a dé, ọ́fíìsì náà pè mí pé kí n kọ ọ̀rọ̀ ìyìn ránṣẹ́. Mo kọ ojú ewé mẹ́ta: báagi rírọ̀, kóòtù, físà ìwọlé méjì, oògùn ibà fún àwọn ọmọ òkè òkun, ẹ̀kọ́ lórí dídákẹ́. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì ní àwọn ti yí àkọsílẹ̀ àwọn padà. N kò tíì rí i. Ọgbà ẹranko Etosha ní Nàmíbíà ni ìyàwó mi ń dárúkọ báyìí, bí Ọlọ́run bá fẹ́, ọ̀dọ̀ wọn náà la ó sì ti ṣe ìwé rẹ̀, ìwé nìkan. Aṣọ òkè ìyàwó mi ló wà nínú àpótí wọn ní yàrá báyìí, kò sí ikán tó lè jẹ ẹ́ wọ inú rẹ̀.